Ọkọ̀ Tí A Gbé Kalẹ̀ àti Ọrùn Ẹni Tí Ó Ni Ín

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn ọlọgbọ́n ti ń bi ara wọn léèrè bóyá ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nìkan ni yóò jíhìn rẹ̀ níwájú Ẹlẹ́dàá àti níwájú ọmọ aráyé, tàbí yóò jíhìn pẹ̀lú nípa ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ tí kò fi ṣe ohunkóhun, tí ó gbé sí kọ̀rọ̀ ilé, tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́, tí ó sì gbàgbé. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìbéèrè yìí lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn àlùfáà àti àwọn ààfáà ni. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń gbé Dọ̀pẹ̀mú, ní ẹkùn Alímọ̀ṣọ́ tí èrò ti pọ̀ bí eṣú, mọ̀ pé ó wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ géètì ilé wa, ó ní táyà mẹ́rin, ó sì ní nọ́ńbà lára.

Ẹni tí ó bá sọ̀ nínú dánfó lábẹ́ afárá Dọ̀pẹ̀mú, tí ó fi títì ńlá tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta sílẹ̀, tí ó sì kọrí sí ọ̀nà Akówónjọ tí ó lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá, kò ní rìn jìnnà kí ó tó rí i pé kì í ṣe ọkọ̀ tí ń sáré nìkan ni a ní ní àdúgbò yìí. Nínú àgbàlá kan tí mo mọ̀ dáadáa, Peugeot 504 kan wà tí wọ́n gbé lé orí búlọ́ọ̀kù, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti bá mẹkáníìkì lọ, kò padà wálé mọ́, alángbá ti fi abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe ibùgbé, àwọn ọmọdé sì ń jókòó sí ipò awakọ̀, wọ́n ń pariwo "Ìyànà Ìpájà! Òkè-Odò!" bí kọ̀ńdọ́kítọ̀ ṣe ń pe èrò. Olóògbé kan ni ó ni ọkọ̀ náà, opó rẹ̀ kò sì fẹ́ fà á lé àwọn tí ń ra irin àlòkù lọ́wọ́, nítorí pé inú rẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ gbé e wọ Èkó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Toyota Camry kan wà lábẹ́ tapólì. Táyà tirẹ̀ le, bátìrì rẹ̀ wà níbẹ̀, epo kù nínú táńkì rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì ń fì lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀, níbi tí gbogbo ará ilé ti ń rí i ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Bàbá tí ó ni ín ti jáwọ́ nínú ọkọ̀ wíwà láti ìgbà tí ojú ti ń dùn ún, ọkọ̀ èrò ni ó ń wọ̀ lọ gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ará àdúgbò a máa sọ nípa àwọn méjèèjì pé wọ́n ti gbé wọn kalẹ̀. Ṣùgbọ́n níwájú ẹ̀rí ọkàn, ọ̀kan nínú wọn ni a gbé kalẹ̀ ní tòótọ́.

Òfin ilẹ̀ wa lórí ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ kì í ṣe ọmọ àná. Ní 1945, nígbà tí àwọn òyìnbó amúnisìn ṣì di ọ̀pá àṣẹ mú, ni wọ́n ti ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lo ọkọ̀ láìní ìwé tí yóò gbọ́ bùkátà ẹni tí ọkọ̀ náà bá pa tàbí tí ó bá ṣe léṣe. Òfin ìnṣọ́ránsì ti 2003 fi dúkìá ẹlòmíràn tí ọkọ̀ bá bà jẹ́ kún un, ó sì gbé ìtanràn 250,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún kan ka arúfin lórí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni àjọ NAICOM, tí ń ṣe àkóso àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò, ti sọ owó ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ àdáni tí ó kéré jù lọ di 15,000 náírà lọ́dún, èyí tí ó jẹ́ 5,000 náírà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ní kí ó lè san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà fún dúkìá tí ọkọ̀ bá bà jẹ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2025, ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé náà wò lójú pópó káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Síbẹ̀, láti 1945 títí di òní, lílo ọkọ̀ lójú ọ̀nà ni òfin wa ń bá wí. Ọkọ̀ tí ó wà lábẹ́ tapólì ní àgbàlá kò kàn án.

Bàbá tí mo ń sọ yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. "Ọmọ mi," ni ó wí fún mi nígbà tí mo dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, "ọkọ̀ kò jáde, èmi náà kò wà á. Ta ni ó fẹ́ pa nínú ilé? Owó oògùn ojú ni kí n kó fún wọn ni?" Èmi kò lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yẹn. Ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé, a kì í ka gbogbo ìka tí ó wà lọ́wọ́ kí a sì gé wọn pọ̀. Bí a bá ní kí ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ máa san gbèsè lórí ìjókòó rẹ̀, ó dàbí ẹni pé a ń fìyà jẹ ẹ́ nítorí ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀, kì í ṣe nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kò sì sí ènìyàn tí yóò mọ́ níwájú irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé níhìn-ín gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wà, ìdí sì nìyí tí mo fi fẹ́ mú òǹkàwé lọ sí ilẹ̀ Potogí, níbi tí ẹjọ́ irú èyí ti dé iwájú àwọn adájọ́ tí ó ga jù lọ ní Yúróòpù.

Obìnrin kan ní ilẹ̀ náà kò lera tó láti máa wa ọkọ̀ mọ́. Ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí àgbàlá ilé rẹ̀, kò sì ra ìnṣọ́ránsì sí i, nítorí pé kò ní í fi lọ sí ibì kankan; ṣùgbọ́n kò kọ ìwé sí ìjọba pé kí wọ́n pa orúkọ ọkọ̀ náà rẹ́ kúrò nínú ìwé wọn, ọkọ̀ náà sì ṣì lè rìn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2006, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin mú ọkọ̀ náà jáde láìgba àṣẹ, láìjẹ́ kí ìyá mọ̀. Ọkọ̀ já kúrò lójú títì, ọmọ náà kú, àwọn méjì tí ó gbé sínú ọkọ̀ sì bá a lọ. Àpò owó kan wà ní Potogí tí ń san owó fún àwọn tí ọkọ̀ tí kò ní ìnṣọ́ránsì bá ṣe ní jàǹbá. Àpò náà san ohun tí ó lé ní 437,000 owó yúrò fún àwọn ẹbí òkú méjèèjì, lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí ìyá, ó ní kí ó dá owó náà padà. Àwọn àgbà tí wọ́n ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá, kò sọ ohun tí a ó ṣe bí ó bá jẹ́ ará ilé ẹni ni ó mú òkò náà lórí àjà, tí ó sọ ọ́ sọ́jà, tí ó sì ti ibẹ̀ kú.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, ilé-ẹjọ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dájọ́ pé níwọ̀n ìgbà tí orúkọ ọkọ̀ náà ṣì wà nínú ìwé ìjọba, tí ó sì ṣì lè rìn, dandan ni kí ó ní ìnṣọ́ránsì, bí ẹni tí ó ni ín tilẹ̀ ti pinnu nínú ọkàn ara rẹ̀ pé òun kò wà á mọ́, tí ó sì gbé e sórí ilẹ̀ ara rẹ̀. Àánú obìnrin yìí ṣe mí púpọ̀, nítorí pé abiyamọ tí ó sin ọmọ rẹ̀ ni wọ́n tún ní kí ó wá san owó lé ikú rẹ̀ lórí. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí àánú rẹ̀ bá ṣe mí, mo máa ń rántí pé àwọn méjì mìíràn wà nínú ọkọ̀ náà, ẹbí tiwọn náà sì sin òkú. Ta ni ìbá dúró fún wọn bí kò bá sí àpò yẹn? Níhìn-ín, ní Dọ̀pẹ̀mú, ta ni ó dúró fún irú wọn? Ìpinnu tí ènìyàn ṣe nínú ọkàn rẹ̀ kò dí ọ̀nà ọkọ̀. Ọmọ kò rí i, ọmọ ọ̀dọ̀ kò rí i, olè kò rí i. Kọ́kọ́rọ́ tí ó wà lára ìṣó ni wọ́n rí.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ronú kan irú èyí ṣáájú, ọ̀nà tí wọ́n gbà sì wù mí ju ti ilé-ẹjọ́ Yúróòpù lọ. Láti 2011 ni òfin wọn ti sọ pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì lórí rẹ̀ láìdáwọ́dúró, ìbáà rìn, ìbáà jókòó, àfi bí ó bá kéde fún iléeṣẹ́ DVLA ní ìlú Swansea pé òun ti gbé ọkọ̀ náà kúrò lójú pópó. Ìkéde náà ti wà láti 1998, a kì í sì san kọ́bọ̀ fún un. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n gbé ọkọ̀ sílé nígbà tí wọ́n wá ṣe ìsìnkú òbí wọn nílé, mọ lẹ́tà tí í máa dúró de ẹni tí kò kéde: 100 owó pọ́n-ùn ni ìtanràn àkọ́kọ́, bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù ó lè di 1,000, wọ́n sì lè gbé ọkọ̀ náà lọ rún. Ní 2014, ilé-ẹjọ́ Yúróòpù tún dá ẹjọ́ katakata kan ní ilẹ̀ Slovenia tí ó kọlu àkàbà ẹnìkan nínú àgbàlá oko, wọ́n sì ní ìnṣọ́ránsì dandan kan ilẹ̀ àdáni pẹ̀lú; àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò fara mọ́ ìyẹn, lẹ́yìn tí wọ́n sì ti fi Ìṣọ̀kan Yúróòpù sílẹ̀, wọ́n fi òfin pa á rẹ́ lọ́dọ̀ ara wọn ní 2022. Ohun tí mo rí dì mú nínú òfin 2011 náà ni pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò sọ pé ẹni tí ó ní ọkọ̀ kò lè bọ́ lọ́wọ́ ẹrù rẹ̀ láéláé. Wọ́n ní ó lè bọ́, ṣùgbọ́n kí ó sọ̀rọ̀ síta.

Bí a bá wo àwọn ìwé mímọ́, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rọ irin ọkọ̀. Nínú ìwé Ẹ́kísódù, orí 21, òfin Mósè kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa màlúù tí í máa kan ènìyàn: bí a bá ti kìlọ̀ fún ẹni tí ó ni ín, tí kò sì so ó mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹni tí màlúù náà bá pa wà lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníwàásù a máa dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ díẹ̀ sí i ni ọ̀rọ̀ kòtò wà, òun ni ó sì wọ̀ mí lọ́kàn jù: ẹni tí ó bá ṣí kòtò tàbí tí ó gbẹ́ kòtò, tí kò bò ó, tí ẹran ọ̀sìn ẹlòmíràn sì já sínú rẹ̀, òun ni yóò san án. Kòtò kò sáré, kò kàn, kò bu ni jẹ. Olúwa kò béèrè bóyá ẹni tí ó gbẹ́ kòtò náà ń fa omi nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà tàbí ó ti pa á tì láti ọdún mẹ́ta. Ohun tí Ó béèrè ni bóyá ó bò ó. Ìwé Diutarónómì, orí 22, tún lọ síwájú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ó pàṣẹ fún ẹni tí ó bá kọ́ ilé tuntun pé kí ó mọ ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó bá já láti ibẹ̀ má baà wá sórí ilé rẹ̀. Kò tíì sí ẹni tí ó já. Owó bíríkì ìgbátí náà ni a ń ná báyìí, nítorí àlejò tí a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀.

Àwọn Mùsùlùmí ní èyí tí ó jinlẹ̀ jù ú lọ, mo sì rọ òǹkàwé kí ó fara balẹ̀ síbẹ̀. Nínú Súúrà Al-Anbiyá, ẹsẹ 78 àti 79, Ọlọ́run Ọba sọ ìtàn Ànábì Dáwúùdù àti Ànábì Sulaimọ́nù, bí wọ́n ṣe dá ẹjọ́ agbo àgùntàn tí ó ya wọ oko olóko lóru tí ó sì jẹ ohun ọ̀gbìn rẹ̀. Hádíìsì sì wà nípa ràkúnmí kan tí ó jẹ́ ti Bàráù ọmọ Ásíbù, tí ó wọ ọgbà ẹlòmíràn tí ó sì bà á jẹ́. Ìdájọ́ Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni pé ọlọ́gbà ni kí ó máa ṣọ́ ọgbà rẹ̀ ní ọ̀sán, olóhun-ọ̀sìn ni kí ó máa ṣọ́ ẹran rẹ̀ ní òru, ohun tí ẹran bá sì bà jẹ́ lóru, ẹni tí ó ni ín ni yóò dí i. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọgbọ́n yìí ti tó. Ní ọ̀sán tí ẹran ń jẹ̀ kiri, tí gbogbo ayé ń rí i, gbogbo ènìyàn ni ó ń ṣọ́ra fún un; ní òru, nígbà tí olóhun rò pé ẹran òun ti sùn, tí aládùúgbò náà sì ti sùn nítorí pé ó gbà pé a ti so ó, nígbà náà ni ìṣọ́ bọ́ sí ọrùn olóhun pátápátá. Lójú pópó, awakọ̀, ẹlẹ́sẹ̀, ọlọ́kadà, gbogbo wọn ni ojú wọn ń ṣọ́rí bíi ti alákàn. Ọkọ̀ tí ó wà lábẹ́ tapólì ni ẹnikẹ́ni kò ṣọ́ra fún.

Bí ẹnìkan bá sọ pé ìnṣọ́ránsì fúnra rẹ̀ kò bá ẹ̀sìn mu, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìmọ̀kan ni ó sọ. Àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù tí wọ́n péjọ ní Jẹ́dà ní oṣù Kejìlá ọdún 1985 pinnu pé irú ìnṣọ́ránsì tí oníṣòwò ń tà fún èrè kò tọ́, nítorí iyèméjì tí ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gba èyí tí àwọn ènìyàn fi owó jọ láti gbé ara wọn ró, tí à ń pè ní tàkáfúlù. Ní 2013 ni NAICOM gbé ìlànà tàkáfúlù jáde nílẹ̀ wa, ní 2016 sì ni wọ́n fún Jaiz Takaful àti Noor Takaful ní ìwé àṣẹ. Ọ̀nà ti là fún ẹni tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ń dà láàmú. Ó sì ti pẹ́ tí àwa Yorùbá ti ń dá èsúsú, tí à ń dá àjọ, tí a mọ̀ pé àjèjì ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí.

Èyí tí ń bí mi nínú ni ti àwọn tí ń sọ pé ẹni tí ó ra ìnṣọ́ránsì kò ní ìgbàgbọ́ tó, tí wọ́n kọ "Ẹ̀jẹ̀ Jésù" tàbí "Allahu Akbar" sẹ́yìn gíláàsì, tí wọ́n sì rò pé ọ̀rọ̀ parí. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni ó ní kí arìnrìn-àjò so ràkúnmí rẹ̀, kí ó sì gbára lé Ọlọ́run. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kì í ṣe ẹni tí ó ni ọkọ̀ ni irú ìnṣọ́ránsì yìí wà fún. Bí ọkọ̀ rẹ bá run wómúwómú, kò ní san kọ́bọ̀ fún ọ. Ìyá tí ń sun àgbàdo lábẹ́ afárá Dọ̀pẹ̀mú ni ó wà fún, àti ọmọ iléèwé tí ń sọdá láti odì kejì, àti onísọ́ọ̀bù tí ọkọ̀ bá ya wọ ìsọ̀ rẹ̀. Ìgbàgbọ́ rẹ lè bo orí tìrẹ. Àṣẹ wo ni o ní láti fi ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ṣe ẹ̀rí ìgbàgbọ́ rẹ?

Àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ kò sì sọ ohun mìíràn. Ògún Lákáayé, ọ̀ṣìn imọlẹ̀, ni olówó orí gbogbo ẹni tí ń fi irin jẹun, awakọ̀ àti mẹkáníìkì, rẹ́wáyà àti àwọn tí ń tún bọ́dì ọkọ̀ ṣe. Títí di òní, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ tí a bá pè wá jẹ́rìí ní kóòtù a máa fi irin búra. Irin tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ kì í ṣe irin tí ń gé nǹkan lọ́wọ́ lákòókò náà. Irin tí ó dákẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi í búra èké mọ̀ pé ìdákẹ́ irin kì í ṣe ikú rẹ̀. Àwọn baba wa kò gbà pé agbára ohun tí ó lè pani ń lọ nítorí pé ẹni tí ó ni ín kò fọwọ́ kàn án lónìí.

Nítorí náà, èmi gbà pé ohun tí ènìyàn ní, tí ó lè ṣe ọmọnìkejì rẹ̀ léṣe, wà lọ́rùn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí agbára ìṣeni-léṣe náà bá ṣì wà nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tí ó lè gbé e kúrò lọ́rùn rẹ̀ àfi kí ó mú agbára náà kúrò, tàbí kí ó jọ̀wọ́ ohun náà ní gbangba. Camry Bàbá jẹ gbèsè. Ọkọ̀ 504 opó kò jẹ gbèsè kankan, ẹni tí ó bá sì lọ béèrè 15,000 náírà lọ́wọ́ obìnrin náà lórí pàǹtí irin tí alángbá ń sùn sí, olè ni, ìbáà wọ aṣọ ìjọba. Mo sọ ìkejì yìí kíkankíkan, nítorí pé mo mọ ilẹ̀ wa: òfin tí a bá ṣe láti dáàbò bo ẹlẹ́sẹ̀ kì í pẹ́ di ohun tí a fi ń jẹun ní ẹnu géètì, àwọn tí ń ta ayédèrú ìwé ìnṣọ́ránsì lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ọkọ̀ yóò sì rí ọjà tuntun tà.

Ìdí nìyí tí èmi kò fi fẹ́ kí àwọn aṣòfin wa ṣe òfin tí ó kan dandan mọ́ gbogbo ọkọ̀ tí ó wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ìwé kan ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fún wa ní nọ́ńbà ọkọ̀, níbi tí opó yóò ti lè kọ ọ́ sílẹ̀, láìsan owó, pé ọkọ̀ ọkọ òun kò ní ẹ́ńjìnnì mọ́, tí Bàbá náà yóò sì ti lè dá nọ́ńbà tirẹ̀ padà bí ó bá dá a lójú pé òun kò ní í wà á mọ́, kí ó tún gbà á padà lọ́jọ́ tí ojú rẹ̀ bá là. Ẹni tí ó bá kọ̀ láti kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, tí ó fẹ́ kí ọkọ̀ òun wà ní sẹpẹ́ nítorí bóyá ọmọ yóò wá ọdún láti Àbújá, kí ó san owó ìnṣọ́ránsì. Ṣùgbọ́n kí owó ọkọ̀ tí ó jókòó kéré sí ti èyí tí ń rìn, nítorí pé ewu tirẹ̀ náà kéré, kò sì yẹ kí arúgbó tí ó ń wọ dánfó máa san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tí ń wakọ̀ lọ sí Ìkẹjà lójoojúmọ́.